Orúkọ Ìyá Samuel

"Auntie, ṣé ọwọ́ yín nìyí?"

Ọládèjì yí ojú fóònù rẹ̀ sí Mọ́wùnmí. Àwòrán bébà kan ni, tí wọ́n fà ya láti inú ìwé ọmọ ilé-ìwé. Mọ́wùnmí kò tilẹ̀ wá awò ojú rẹ̀ nínú báàgì kó tó dá a mọ̀. Orúkọ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ìyá rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀. Keith ọmọ Bernice Pascoe. Ronald ọmọ Edith Lamb. Albert ọmọ Harriet Coyle. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò lọ títí dé ìsàlẹ̀, dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ti kú láti ohun tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn.

"Ọwọ́ mi ni, sà," ni ó dáhùn.

Ọládèjì kò tíì pé ogójì ọdún, Mọ́wùnmí sì ti lé ní méjìdínláàádọ́ta. Ṣùgbọ́n òun ló ni ilé-iṣẹ́ tó ń fi àwọn olùtọ́jú ránṣẹ́ sí ilé àwọn arúgbó, òun náà ló sì kọ̀wé sí ìjọba kí Mọ́wùnmí tó lè wọ ìlú òyìnbó. Nítorí náà, ó ń pe obìnrin náà ní Auntie, obìnrin náà sì ń pè é ní sà, inú àwọn méjèèjì sì dùn sí i bẹ́ẹ̀. Òkè ilé-ìtajà irun àti fóònù kan ní Powis Street ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ní Woolwich, nílùú London. Ariwo àwọn tó ń ra irun ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Keith, ọmọ Bernice, ló rí i nílẹ̀ kitchen ìyá rẹ̀," ni Ọládèjì wí. Bernice ni arúgbó tí Mọ́wùnmí ń tọ́jú. "Ó ti write sí wa. Ó ní date of birth òun wà níbẹ̀, orúkọ ilé bàbá ìyá òun wà níbẹ̀. Auntie, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbéèrè tí báńkì ń bi èèyàn nìyẹn. Ó ní ẹ fẹ́ kó ìyá òun lówó lọ."

"Àdúrà ni mo fẹ́ fi gbà, sà."

Ọládèjì dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó padà jókòó, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ibẹ̀ gan-an lèmi ń bọ̀. Òyìnbó ò mọ nǹkan téèyàn lè fi orúkọ ìyá ẹlòmíì ṣe. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí. Ẹ sọ ọ́ fún mi, kó tó di pé Keith mú ọ̀rọ̀ yìí lọ ibòmíì: kí lẹ fẹ́ kí ìyá yẹn ṣe fún yín?"

Mọ́wùnmí wò ó, kò kọ́kọ́ lóye. Nígbà tó yé e, ara rẹ̀ gbóná láti ọrùn dé etí. Òyìnbó rí bébà kan, ó ní olè ni. Ọmọ Yorùbá rí bébà kan náà, ó ní olóògùn ni, pé ó fẹ́ fi orúkọ ìran arúgbó náà mú un lórí kó lè sọ ilé di tirẹ̀. Kò sì mọ èwo ló dun òun jù nínú méjèèjì.

Ó ṣàlàyé. Ó ní Bernice fúnra rẹ̀ ló bẹ òun pé kí òun gbàdúrà fún Keith, pé Bernice ló jókòó tó ń pe orúkọ, tí òun ń kọ ọ́. Ọládèjì gbọ́ ọ parí, ó sì mi orí.

"Wọ́n ti bi ìyá náà léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ò fún yín lórúkọ ẹnikẹ́ni."

"Bernice ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bernice ló sọ bẹ́ẹ̀. Èmi náà sì ti ka ìwé tẹ́ ẹ máa ń kọ nílé rẹ̀. Wẹ̀, jẹun, lo oògùn, all well. Odindi ọdún kan ó lé, all well. Níbo lẹ kọ ọ́ sí pé ìyá ní kẹ́ ẹ gbàdúrà? Auntie, nínú iṣẹ́ wa yìí, nǹkan tẹ́ ẹ ò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀."

Ó ní kó lọ jókòó sílé títí di Thursday, pé ọjọ́ náà ni gbogbo wọn yóò pàdé nílé Bernice. Kò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá dá Mọ́wùnmí lẹ́bi, ṣùgbọ́n kò sí olùtọ́jú kan ní gbogbo àdúgbò Thamesmead tí kò mọ̀ ọ́n. Bí ilé-iṣẹ́ bá yọwọ́ kúrò lọ́rọ̀ rẹ, ọgọ́ta ọjọ́ ni ìjọba máa fún ọ láti wá ẹlòmíràn tí yóò dúró fún ọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí o padà sílé. Ta ni yóò sì gba ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé rẹ̀ pé ó fẹ́ ja arúgbó lólè? Moyinolúwa, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń múra ìdánwò oṣù Kẹfà.

*

Ọ̀rọ̀ ìran Bernice ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀bá Birchmere Park ni Bernice ń gbé, lókè kẹta, níbi tí èèyàn ti lè máa wo pẹ́pẹ́yẹ lórí omi láti ojú fèrèsé. Ó ti pé ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún. Ẹsẹ̀ kò gbé e mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ kan tó ń ṣe lójoojúmọ́: ó ń kọ orúkọ gbogbo àwọn baba ńlá rẹ̀, láti orí Ronald bàbá rẹ̀ lọ sẹ́yìn, sí ẹ̀yìn bébà gígùn tí wọ́n fi ń lẹ ara ògiri. Mọ́wùnmí ló máa ń tẹ́ ẹ fún un lórí tábìlì, tí yóò fi agolo ẹ̀wà tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀.

Thomas kan ló wà lókè pátápátá. Láti etí odò Thames níbí ló ti wọkọ̀ lọ sí Barbados, nígbà tí àwọn òyìnbó kò tíì lo ọdún mẹ́wàá ní erékùṣù náà. Àwọn ọmọ rẹ̀ gba ilẹ̀, wọ́n gbin ìrèké, wọ́n ra ènìyàn tí yóò ro ó. Lẹ́yìn ìran bíi márùn-ún, ọmọ Samuel kan padà sí Woolwich, ó rí iṣẹ́ ní Arsenal, níbi tí wọ́n ti ń rọ ohun ìjà, agbègbè náà sì ni wọ́n wà dòní. Ìtàn yìí ni Keith fi ń yangàn. Ó ti kó o sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ti pe àwọn ìbátan láti Australia àti Canada wá sí àpéjọ ìdílé ní oṣù Kẹjọ. Ó ti ní kí wọ́n tẹ orúkọ Thomas sára ọgọ́rin ife tíì.

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ Mọ́wùnmí. Nílé wọn ní Iléṣà, ìyá bàbá rẹ̀ lè ka ìdílé látorí ẹni tó tẹ agboolé dó dé orí ọmọ tí wọ́n bí láàárọ̀. Kò rò ó rí pé òyìnbó náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Òwúrọ̀ òjò kan ní oṣù Kejì ni Bernice pè é síbi tábìlì. Lẹ́tà ilé-ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀: wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún Keith, ọkàn rẹ̀ kò lu dáadáa.

"Wò ó, Mo," ni Bernice wí, nítorí kò fìgbà kan lè pe orúkọ náà tán. "Wo àwọn àkọ́bí ọkùnrin. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pé ọgọ́ta ọdún. Àní ọ̀kan ṣoṣo kò sí."

Mọ́wùnmí tẹ̀lé ìka rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òótọ́ ni. Àádọ́ta ọdún ó lé mẹ́ta. Méjìdínlógójì. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Keith yóò pé ọgọ́ta ní oṣù Kẹsàn-án.

"Ní ṣọ́ọ̀ṣì yín," ni Bernice tún wí láìwo ojú rẹ̀, "ṣé ẹ máa ń gbàdúrà sí irú nǹkan báyìí?"

Ìbéèrè wo nìyẹn fún aláṣọ funfun? Lọ́jọ́ Ìsinmi, Mọ́wùnmí bá wòlíì wọn sọ̀rọ̀. Wòlíì ní kó mú orúkọ gbogbo àkọ́bí náà wá, ọmọ pẹ̀lú ìyá, nítorí ìyá ni wọ́n fi ń pe èèyàn níwájú Ọlọ́run. Ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀ ní bàbá ọmọ. Inú tó gbé ọmọ fún oṣù mẹ́sàn-án kò ní àríyànjiyàn nínú. Mọ́wùnmí jẹ́ iṣẹ́ náà fún Bernice bí wọ́n ṣe rán an. Bernice bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ, Mọ́wùnmí ń kọ. Nígbà tí wọ́n dé orí Samuel, ẹnì keje, Bernice dákẹ́.

Lórí bébà ògiri, Elizabeth, ìyàwó onílẹ̀, ni wọ́n kọ pé ó jẹ́ ìyá Samuel.

"Ṣé orúkọ ìyá gan-an ni wọ́n fẹ́?" ni Bernice bi í.

"Orúkọ ìyá gan-an ni. Àdúrà tí wọ́n bá fún ní àdírẹ́sì irọ́ kò ní rílé."

Bernice ní kó gbé agolo bọ́tìnnì òun wá láti ojú fèrèsé. Lábẹ́ bọ́tìnnì ló ti yọ àpò lẹ́tà kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i láti Barbados. Àdàkọ ìwé ìsàmì ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé Samuel jẹ́ ọmọ Phibba, ẹrúbìnrin inú oko ìrèké náà. Phibba lásán. Kò ní orúkọ kejì. Elizabeth kò bímọ rí. Samuel tí Phibba bí fún ọkọ rẹ̀ ni wọ́n sọ di ọmọ rẹ̀, òun náà ló sì jogún ilẹ̀ tí wọ́n ti ra ìyá rẹ̀ sí.

"Má sọ fún Keith," ni Bernice wí. "Ṣèlérí fún mi."

Mọ́wùnmí ṣèlérí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀: Samuel ọmọ Phibba. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ tán, ó ká bébà náà sínú báàgì rẹ̀, kò sì bèèrè nǹkan kan mọ́. Nínú ìwé iṣẹ́ ọjọ́ náà, ohun tó kọ kò ju pé Bernice jẹ búrẹ́dì, ó lo oògùn, all well.

*

"But Mummy, just tell them about Phibba," ni Moyinolúwa wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó jókòó sórí àga ilé ìdáná, ìwé ìdánwò rẹ̀ wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. "Bernice nìkan ló mọ̀ ọ́n. So báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n? It's literally proof."

"Mo ti ṣèlérí fún un."

"Ẹni tó ń parọ́ mọ́ yín?"

Kì í ṣe ìyẹn ni ìbéèrè tó ń jẹ Mọ́wùnmí lọ́kàn. Ṣé Bernice gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀? Arúgbó ni, ó máa ń wá awò ojú rẹ̀ nígbà tó wà ní iwájú orí rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó gbàgbé, a kì í bá ìgbàgbé jà. Ṣùgbọ́n Bernice kan náà kò gbàgbé ọdún tí ìjì wó ilé Thomas.

Fún ọjọ́ mẹ́ta tó fi wà nílé, gbogbo ènìyàn ló yí padà lójú rẹ̀. Ó fura sí Ọládèjì pé ó fẹ́ gba ibi iṣẹ́ náà fún àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó fura sí Keith pé òun gan-an ló wá inú báàgì òun. Ó rántí gbogbo ṣokoléètì tí Bernice ti fi jíǹkí Moyinolúwa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé bóyá wọ́n fi ń ka òun mọ́ ibì kan ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tó di Wednesday, ó fura sí ara rẹ̀ pàápàá: ṣé òun gbọ́ ọ̀rọ̀ Bernice dáadáa lọ́jọ́ òjò yẹn?

*

Ó wọ bọ́ọ̀sì 472 lọ́jọ́ Thursday, ó sì dé ṣáájú wọn. Kò gòkè. Ó dúró lẹ́bàá omi títí Ọládèjì fi dé pẹ̀lú kóòtù àti táì.

Keith ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga ni, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn tán. Ó ti tẹ́ bébà ògiri sórí tábìlì, ó sì gbé bébà Mọ́wùnmí lé e. Bernice jókòó sí ojú fèrèsé. Kò wo ẹ̀yìn.

Ọládèjì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Keith kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le: gbogbo orúkọ tó wà lórí bébà kékeré ló wà lórí bébà ńlá, obìnrin yìí sì dà á kọ nígbà tí ìyá òun ń sùn.

"Ìyá yín ló pè é fún mi," ni Mọ́wùnmí wí.

"Mọ́mì?" ni Keith pè.

"N kò rántí," ni Bernice wí sí ojú fèrèsé.

Ìgbà yẹn ni Mọ́wùnmí rí ọwọ́ rẹ̀. Agolo bọ́tìnnì wà lórí itan Bernice, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ìdérí rẹ̀ pinpin. Ẹni tó gbàgbé kì í ṣọ́ agolo.

Ọládèjì tẹ̀ sí Mọ́wùnmí, ó sì ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀ kíákíá. "Auntie, tó bá jẹ́ pé nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè sọ, ẹ sọ ọ́ báyìí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

Keith bèèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, èyí sì tún bí i nínú. Ó gbé ìka lé bébà méjèèjì, ó ń fi wọ́n wéra ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí bí olè náà ṣe tó. Keith. Ronald. Albert. Ó dé ìlà keje, ìka rẹ̀ dúró.

"Ta ni Phibba?"

Ẹnì kan ń ju oúnjẹ sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ nísàlẹ̀, wọ́n ń pariwo.

"Samuel ọmọ Elizabeth ló wà níbí," ni Keith wí. "Ohun tí ìwọ kọ ni Phibba. Níbo lo ti rí i?"

Ẹnu Mọ́wùnmí ti là tán. Ó rò nípa ọgọ́ta ọjọ́. Ó rò nípa Moyinolúwa tó jókòó ti ìwé lálẹ́ àná. Ó wo ẹ̀yìn orí Bernice, irun funfun tí òun fúnra òun ń yà fún un láràárọ̀, ó sì ṣe é bíi kó sọ gbogbo rẹ̀ kí gbogbo ilé gbọ́.

"Ẹni tó sọ ọ́ fún mi wà nínú yàrá yìí," ni ó wí. "Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ká ní mo dà á kọ láti ara bébà yìí ni, Elizabeth ni ǹ bá kọ."

Ọládèjì wo bébà kan, ó wo èkejì. Ó yé e kó tó yé Keith. Keith yí padà díẹ̀díẹ̀ sí ìyá rẹ̀.

Bernice ṣí agolo náà. Ó pẹ́ kó tó rí àpò lẹ́tà náà fà yọ, bọ́tìnnì ń dà sílẹ̀. Keith kà á lórí ìdúró, ó tún un kà, lẹ́yìn náà ó jókòó. Ó bèèrè pé láti ìgbà wo. Ìyá rẹ̀ ní láti ọdún tó kọjá ni lẹ́tà náà ti dé.

"Ẹ sì sọ fún un. Ẹ ò sọ fún èmi."

"Ìwọ ti tẹ ife," ni Bernice wí. "Òun ló bi mí pé ta ni ìyá gan-an. Kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Keith ká lẹ́tà náà padà sínú àpò rẹ̀, ó sì sọ fún Ọládèjì pé òun kò ní ẹ̀sùn kankan mọ́. Kò wo Mọ́wùnmí. Bí wọ́n ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, Ọládèjì ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé Auntie kò lè ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Monday. Bí ó ṣe sọ ọ́, tí ojú kò tilẹ̀ tì í, Mọ́wùnmí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́.

*

Lọ́jọ́ Monday ó wẹ Bernice, ó ya irun rẹ̀, ó sun búrẹ́dì. Bébà ògiri ṣì wà lórí tábìlì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Elizabeth, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ Phibba, kò tẹ̀ ẹ́ rinlẹ̀, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i. Ọwọ́ Keith ni.

Bernice gbé oògùn mì. "Mo," ni ó wí, "kì í ṣe pé mo gbàgbé."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Wọn ì bá lé èmi àti ọmọ mi kúrò nílùú yìí, Bernice. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì ń wo pẹ́pẹ́yẹ."

Bernice sunkún díẹ̀. Mọ́wùnmí fún un ní bébà ìnujú. Kò sọ fún un pé kò burú, nítorí ó burú. Ó kó àwo lọ fọ̀, ó sì pẹ́ nídìí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó padà wá, Bernice ti nu ojú rẹ̀.

"Ọjọ́ Wednesday ni wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún un," ni Bernice wí. "Ṣé o ṣì lè gbàdúrà náà?"

Mọ́wùnmí fa ìwé iṣẹ́ sọ́dọ̀. Ó wo aago, ó sì kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú. Bernice wẹ̀, ó jẹun, ó lo oògùn. Bernice ní kí n gbàdúrà fún Keith ọmọ òun. Bernice ló fún mi ní gbogbo orúkọ, títí kan Phibba ìyá Samuel. Ó yí ìwé náà sí arúgbó náà, ó sì gbé bírò lé e lórí.

"Ẹ fọwọ́ sí i."

Bernice wò ó lójú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ohun tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fọwọ́ sí i. Mọ́wùnmí kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó pa ìwé náà dé, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Ìgbà náà ló tó wá pa ojú dé láti gbàdúrà.